Ọgbà Tí Kò Ní Ọgbà

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lójú omi, mo ri ìkòkò epo obìnrin kan. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fi gba erékùṣù wa sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, lójú Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti ìyàwó rẹ̀.

Abà Olúgbá ni abúlé wa, létí odò Ọ̀ṣun, níbi tí oko àwọn ará Ìbàdàn ti fẹ́ẹ̀ parí. Nígbà náà, òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú irin gba Lálúpọn kọjá ni. Kò sí afárá lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi. Igbá la fi ń gbé èrò kọjá odò. Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé irọ́ ni mò ń pa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A ó wá igbá méjì tó tóbi débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta lè jókòó sínú ọ̀kan. A ó da ojú wọn kọ ara wọn, a ó fi oje igi lẹ etí wọn pọ̀ títí omi kò fi ní rí ibi wọlé. Èrò yóò wọ inú omi, yóò gbé àyà lé igbá ní ẹ̀gbẹ́ kan. Onígbá yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn méjèèjì yóò na apá gba orí igbá, wọn yóò di ara wọn mú ní ìgbọ̀nwọ́, ẹrù yóò sì jókòó láàárín apá wọn. Ẹsẹ̀ onígbá ni àjẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún èrò: ojú onígbá ni kó máa wò, kó má wo omi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Bàbá Onígbá ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ní kí n mú igbá kan wá láti abẹ́ àtíbàbà, kí n gbé ìyá elépo kan kọjá. Mo wo igbá mẹ́rin tó wà níbẹ̀, mo mú èyí tó ń dán jù. Nígbà tí a dé àárín odò, mo gbọ́ tí igbá ń sọ pé gbulu, gbulu. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìkòkò epo ti lọ sísàlẹ̀ odò. Èmi àti ìyá náà fi ìwẹ̀ dé èbúté. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó mọ ìwẹ̀ jù mí lọ.

Ó dúró lórí iyanrìn, ó ń fún aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àwọn ẹja ló rán ọ ní epo ni?"

Bàbá Onígbá kò bínú. Wọ́n fa igbá náà sókè, wọ́n ní, "Ṣé o kàn án?"

Mo ní, "Kí n kan kí ni, bàbá?"

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi oríkèé ìka mi kan igbá kan tó dúdú, tó rí wúruwùru. Ó dún kọ̀, kọ̀. Wọ́n wá fi kan èyí tó ń dán. Ó dún pẹ̀, pẹ̀. Ó ti sán láti inú, ojú kò sì lè rí i. Wọ́n ní, "Àlàó, dídán kì í ṣe líle. Kàn án kí o tó gbà á gbọ́." Láti ọjọ́ náà, n kò mú igbá kan rí láìkàn án.

Láàárín odò gan-an, erékùṣù kékeré kan wà. Ẹni tó bá rọra rìn yóò yí i ká kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù. Ibẹ̀ ni àwa onígbá ti ń sinmi bí omi bá le. Bàbá Onígbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹ̀ka kan níbẹ̀, ì báà ṣe igi ìdáná. Wọ́n ní, "Gbòǹgbò ló di ilẹ̀ yìí mú. Bí igi bá kúrò, ilẹ̀ á bá omi lọ. Bí ilẹ̀ bá bá omi lọ, níbo lo ti máa mí?"

Ibẹ̀ ni mo ti di aláìgbọ́n lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Bí èrò kò bá sí, wọ́n á máa ta ayò. Èmi á wà ní erékùṣù, màá máa wo ẹyẹ. Wọ́n á ní, "Àlàó, ẹyẹ tí o kò ní jẹ, kí lo ń wò ó sí?" Síbẹ̀, n kò yé wò ó. Mo wo ẹ̀gà tó ń hun ilé sí ṣóńṣó ẹ̀ka tó rọ̀ sórí omi, níbi tí ejò kò lè dé. Akọ ló ń hun ún. Bó bá hun ún tán, yóò rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilé náà, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa pariwo kí abo wá wò ó. Abo á wọlé, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì jáde lọ bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ilé bá ti gbẹ tí abo kan kò gbà á, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá Onígbá, wọ́n ní, "Ó jọ pé àna kan náà ni èmi àti ẹ̀gà ní."

Mo wo awọ́nrínwọ́n tó ń gbẹ́ ihò sínú ògán láti yé ẹyin. Bó bá ti yé e tán, á lọ ní tirẹ̀. Ikán ni yóò dí ihò náà padà, tí yóò sì máa bá a ṣọ́ ẹyin láìgba ọpẹ́. Mo wo agbe. Gbogbo ènìyàn ló ń fi agbe kọrin, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ti rí i nítòsí? Ó tóbi ju àkùkọ lọ. Ara rẹ̀ rí bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àgógó rẹ̀ pọ́n létí. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ fífò. Sísáré ló ń sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ní ọ̀pá kan tí mo fi ọ̀bẹ kọ àmì sí lára: àmì kan fún oṣù tí agbe kọ́lé, òmíràn fún ìgbà tí èso ọ̀pọ̀tọ́ pọ́n. Láàárín ọdún mẹ́ta, mo rí i pé àmì méjèèjì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó rí ohun tó sọnù.

Díẹ̀díẹ̀, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n dá àwọn dúró ní erékùṣù kí n fi nǹkan hàn wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni patanmọ́, ewé kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń pa ewé rẹ̀ pọ̀ bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Ó pọ̀ ní èbúté erékùṣù náà. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé "pa itan mọ́" ni à ń sọ fún un. Àwọn obìnrin ọlọ́jà á fi ìka kàn án, ewé á pa pọ̀ wàrà, wọn á sì máa bá a sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síhìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin ní Lálúpọn rí i, ó lọ ròyìn rẹ̀. Ìròyìn náà rìn títí ó fi dé etí ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tí wọ́n ní ó máa ń ya àwòrán ewé sínú ìwé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú Bàbá Onígbá ni Alágẹdú dé. N kò mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé igi ńlá tà fún òyìnbó, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó fi okùn wọn ìrókò ńlá tó wà láàárín erékùṣù náà, ó ní òun yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀, òun yóò sì gé gbogbo igi ńlá ibẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Onígbá. Bí igi bá lọ, òjò ọdún méjì péré ni yóò kó gbogbo ibẹ̀ lọ, tẹyẹ tewé.

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo lọ sí apá Ìwó láti wá igbá tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò. Nígbà tí mo padà dé etí odò ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo wo erékùṣù, mo rò pé mo ṣìnà. Èbúté ti mọ́ tónítóní bí ojúde ọba. Wọ́n ti ro gbogbo patanmọ́ kúrò. Wọ́n ti gé ẹ̀ka tí ẹ̀gà so ilé mọ́. Ọgbà ọparun gíga kan sì dúró, ó yí ilẹ̀ pupa ká.

Ìyàwó mi, Àṣàkẹ́, ló wá pàdé mi, ọkọ́ ṣì wà ní èjìká rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àyọ̀ká. Ẹ wò ó bó ṣe mọ́! Ẹ ò lè rí ewé kan níbẹ̀ mọ́."

"Àṣàkẹ́, ta ló ní kí ẹ ro ibẹ̀?"

"Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ lọ́la, ẹ ní ta ló ní ká ro ilẹ̀? Ṣé inú koríko la ó ti gba àlejò?"

Mo sáré lọ bá Baálẹ̀. Wọ́n jókòó sórí awọ, inú wọn ń dùn. Wọ́n ṣàlàyé pé akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ ló wá jíṣẹ́. Ajẹ́lẹ̀ ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé Alágẹdú kí òun tó fojú ara òun wo ibẹ̀. Bó bá rí i pé ibẹ̀ kò wúlò fún nǹkan mìíràn, Alágẹdú lè máa gé igi. Wọ́n ní, "Akọ̀wé ní Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá wo ọgbà wa. Mo ní, ọgbà wo? A ò ní ọgbà. Ó ní ohun tí Ajẹ́lẹ̀ sọ nìyẹn. Àlàó, bí Ajẹ́lẹ̀ bá ní a ní ọgbà, ṣé ẹnu mi ni wọn ó ti gbọ́ pé irọ́ ló pa? Mo ní kí wọ́n yáa ṣe ọ̀kan."

Kí ẹ má bá wọn wí. Lọ́dọ̀ wa, ọgbà ni ohun tí a fi ọparun tàbí igi ṣe yí ilẹ̀ ká kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Pé òyìnbó lè dìde nílé rẹ̀ kó lọ máa wo igi àti ewé, kí akọ̀wé sì pe irú ibẹ̀ ní ọgbà, ẹnì kan kò mọ̀ ọ́n ní Abà Olúgbá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ajẹ́lẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ gun ẹṣin dé, akọ̀wé ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn wọn. Alágẹdú ti dé ṣáájú, àwọn onígbá yòókù sì ti gbé òun àti Baálẹ̀ kọjá. Akọ̀wé wo odò, ó wò mí.

"Ọkọ̀ dà?"

"Ọkọ̀ nìyí, sà."

"Igbá nìyẹn!"

"Ẹ kàn án wò, sà."

Ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ kò bá wa jiyàn. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú omi, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó wo ojú mi títí a fi gúnlẹ̀. N kò tíì gbé èrò tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ajẹ́lẹ̀ náà kọjá, fìlà ńlá rẹ̀ jókòó sórí igbá bí ẹrù. Ó ku akọ̀wé. Ó di ojú pinpin.

"Àlàó, ṣé a ti dé?"

"A ò tíì kúrò, sà."

Nígbà tí gbogbo wọn dúró nínú ọgbà ọparun náà, mo rí i tí ojú ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ fà ro. Ó ti mú ìwé àwòrán rẹ̀ jáde, kò sì rí nǹkan kan yà bí kò ṣe ilẹ̀ pupa. Alágẹdú ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí akọ̀wé sọ fún Ajẹ́lẹ̀ pé ohun tí òun ti wí náà nìyẹn, kò sí nǹkan níbí ju igi lásán lọ. Ajẹ́lẹ̀ fa ìwé kan yọ nínú àpò. Ó ń wá kálámù.

Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo di ọparun ọgbà mú, mo fa mẹ́ta yọ lẹ́ẹ̀kan.

Baálẹ̀ pariwo. "Àlàó! Ọgbà tí a fi ọjọ́ méjì ṣe!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Baálẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà ni ọgbà wà."

Mo dìde, mo gba ojú ihò náà wọlé, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn ọparun náà, erékùṣù ṣì wà bí Bàbá Onígbá ti fi í sílẹ̀. Mo fi ògán tí awọ́nrínwọ́n yé ẹyin sí hàn wọ́n, àti ojú ihò tí ikán ti dí. Mo ní kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, nítorí pé èso rẹ̀ pọ́n, ọ̀pá mi sì ti sọ fún mi ẹni tí yóò wá jẹ ẹ́. Agbe méjì jáde. Wọ́n sáré gba orí ẹ̀ka kọjá lókè orí wa. Ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, mo rí patanmọ́ díẹ̀ tí ọkọ́ àwọn obìnrin kò dé. Mo fi ìka kàn án, ó pa pọ̀. Ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ náà fi ìka kàn án. Ó bẹ́ sókè, ó tún kan òmíràn. Ó béèrè orúkọ rẹ̀.

Mo dárúkọ rẹ̀. Akọ̀wé wò mí, ó wo ewé, ó wo ìyàwó Ajẹ́lẹ̀, òógùn bò ó. Ó wá sọ òyìnbó gígùn kan tí n kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó gùn ju orúkọ náà lọ. Ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ mi orí. Èmi ló kọjú sí, ó ní, "Pa-tan-mọ́?" Mo rí i pé ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Kí ni kí n ṣe? Mo dúró gbọin, mo pa orúnkún mi méjèèjì pọ̀ gbà, bí ìyàwó tuntun tó rí àna rẹ̀ lókèèrè. Ó wò mí, ó wo ewé, ó bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí! Mo ti sọ fún wọn pé ewé onítìjú ni."

Alágẹdú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ewé kì í ṣe igi, kí wọ́n wá wo igi. Ajẹ́lẹ̀ gbà. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ìrókò ńlá náà, akọ̀wé sì ń túmọ̀.

"Ajẹ́lẹ̀ ní kí lorúkọ igi yìí?"

"Gẹdú ni," Alágẹdú dáhùn.

"Èyí ńkọ́?"

"Gẹdú."

"Tọ̀hún yẹn?"

"Gẹdú náà ni!"

Ajẹ́lẹ̀ kọjú sí mi. Mo ní, "Ìrókò ni ti àkọ́kọ́, sà. Ọ̀dán ni ìkejì, ibòji rẹ̀ la mọ̀, a kì í fi la pákó. Ọ̀pọ̀tọ́ tí agbe ń jẹ ni ìkẹta." Mo lọ bá ìrókò náà, mo fi oríkèé ìka kàn án lápá kan, mo yí i ká, mo kàn án lápá kejì. Bàbá Onígbá ti kọ́ mi, etí mi kò sì ṣì í. Mo ní, "Kò sí pákó nínú eléyìí náà. Ó ń dán lójú ni. Inú rẹ̀ ṣófo."

Alágẹdú ní, "Onígbá! Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ igi? Ìrókò yìí le bí irin!"

Mo ní, "Ẹ kàn án, sà."

Ó fi ìbínú gba àáké lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e wá, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá igi náà. Ìrókò dún gbọ̀-ọ̀-ọ̀ bí ìkòkò òfìfo. Lẹ́yìn náà, òòbẹ̀, ọmọ ìyá àdán, bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú ihò tó wà lókè. Wọ́n ń jáde wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, wọ́n ń yí wa lórí po, ọ̀sán gangan dúdú. Akọ̀wé dojú bolẹ̀. Àáké já bọ́ lọ́wọ́ Alágẹdú, ó sì gba ojú ihò ọgbà sáré jáde, kò dúró de igbá, ó bẹ́ sódò. Ọpẹ́ ni pé ó mọ ìwẹ̀. Ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ nìkan ló dúró, ó gbójú sókè, ó ń ya àwòrán.

Ajẹ́lẹ̀ ká ìwé Alágẹdú, ó fi í sí àpò padà láìfọwọ́ sí i.

Kí oṣù tó parí, akọ̀wé mú ìwé mìíràn wá, ó kà á fún wa lójúde Baálẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi ní Ọgbà Abà Olúgbá, Àlàó sì ni olùtọ́jú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn hó. Baálẹ̀ na ọwọ́ sókè kí ariwo rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Mo wí bẹ́ẹ̀. Mo ní a ní ọgbà!"

Ó ti pẹ́. Wọ́n ti ṣe afárá sí ìsàlẹ̀ odò, kò sì sí ẹni tó ń wá igbá kọjá mọ́, àfi ẹni tó bá fẹ́ wo erékùṣù. Irú wọn pọ̀: tíṣà, àlùfáà, àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn ṣèlérí fún. Mo gbé wọn títí orúnkún mi fi ní ó tó. Kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí mo kọ́, mo kó gbogbo wọn jọ síwájú igbá méjì, ọ̀kan ń dán, ọ̀kan kò dán, mo ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ kàn án kó tó mú un ni mo fi ọ̀pá alámì mi lé lọ́wọ́.

Ikán ti jẹ ọgbà ọparun náà tán. Ẹ̀gà ti padà sórí omi. Ní ti patanmọ́, ilẹ̀ tí a ti ro ló fẹ́ràn jù. Bí òjò ọdún náà ti rọ̀, ó bo gbogbo ilẹ̀ pupa yẹn ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Àṣàkẹ́ máa ń sọ fún àlejò pé òun ló gbìn ín, n kò sì já a nírọ́.

Ọgbà ṣì ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀. Bí àlejò bá gúnlẹ̀ tó ń wò káàkiri, tó ní, "Bàbá, ọgbà tí wọ́n ní ó wà níbí dà, ibo ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀?" èmi á ní kó ṣáà máa rìn lọ. Bó bá ti rí i tí ilẹ̀ ń pa itan mọ́ níwájú rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn.